Ọ̀rẹ́ mi ń gòkè nínú ẹ̀sìn, inú mi ò sì dùn sí i: kí ni àwọn ọlọ́gbọ́n Júù wí?

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti di Júù láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn: àwọn ràbáì yẹ̀ mí wò, wọ́n gbà mí, mo sì ri ara mi bọ omi ìwẹ̀nùmọ́ tí à ń pè ní mikveh. Èmi àti obìnrin kan la jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ kan náà. Ní báyìí, ó ń ka àdúrà Hébérù bí ẹni ń mumi, ó ń ka Daf Yomi, ìyẹn ewé kan lóòjọ́ nínú Talmud, ìwé ńlá tó kó ìjíròrò àwọn ọlọ́gbọ́n Júù ìgbàanì jọ, ilé rẹ̀ kì í sì í ṣófo àlejò ní Sábáàtì. Èmi ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé àdúrà. Daf Yomi tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò ka ìwé àkọ́kọ́ tán tí mo fi pa á tì. Tó bá dìde fún Amidah, àdúrà tí a máa ń dúró kà jẹ́ẹ́, màá ti parí tèmi, màá máa fi igun ojú wò ó pé ìgbà wo ló máa ṣe tán. Tí wọ́n bá yìn ín, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo tiẹ̀ ti sọ fún obìnrin kan ní sínágọ́gù pé àṣehàn ló ń ṣe. Ká ní mọ́tò rẹ̀ ni mò ń ṣe ìlara ni, mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun rere ni mò ń ṣe ìlara yìí, ẹnì kan sì sọ fún mi pé àwọn ọlọ́gbọ́n Júù ní irú ìlara bẹ́ẹ̀ dára. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n wá sínágọ́gù mìíràn lọ? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yẹn, pé irú ìlara yìí dára. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Talmud lóòótọ́, wọn ò parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń fà á yọ kì í sábà ka ohun tó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà.

Inú Bava Batra, ọ̀kan lára àwọn ìwé inú Talmud, ló wà, ojú ewé 21. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n rántí Joshua ben Gamla sí rere, àlùfáà àgbà kan nígbà tí Tẹ́ḿpìlì kejì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, tó pàṣẹ pé kí wọ́n yan olùkọ́ sí gbogbo ìlú, kí àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 6 tàbí 7. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, Ísírẹ́lì ì bá ti gbàgbé Tórà, òfin Ọlọ́run. Ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Rava wá ṣírò rẹ̀ síwájú: olùkọ́ kan fún ọmọ 25, tí wọ́n bá di 40, ẹ wá igbákejì fún un, tí wọ́n bá pé 50, ẹ gba olùkọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè wá yọjú. Olùkọ́ kan wà tó ń gbìyànjú, òmíràn dé tó mọ̀ ọ́n kọ́ jù ú lọ. Ṣé ká yọ ti àkọ́kọ́ kúrò? Rava ní rárá, kí ẹni tuntun náà má baà ya ọ̀lẹ nígbà tí kò bá ti sí ẹni tó ń bá a dù ú. Rav Dimi ará Nehardea ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé yóò tún kọ́ wọn dáadáa sí i ni, nítorí ìlara àárín àwọn akọ̀wé ní í mú ọgbọ́n pọ̀.

Ẹ wá wò ó. Ọgbọ́n ta ló pọ̀ sí i níbẹ̀? Ti àwọn ọmọ ni. Olùkọ́ tó ń jowú jí ní ìdájí, ó tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ jèrè. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọkàn olùkọ́ náà balẹ̀. Kò sẹ́ni tó sì sọ fún un pé kó lọ wá ìlara kún inú. Àwọn ọlọ́gbọ́n mọ̀ pé ìlara ti wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n kàn ń ṣètò ìlú lọ́nà tí àwọn ọmọ á fi rí nǹkan jẹ nídìí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí dá ìlara inú ara rẹ̀ láre ti gbé e kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kan wà nínú rẹ̀ tó wúlò fún yín. Ẹ bi ìlara yín léèrè pé kí ló ti mú wá. Ṣé ó ti jí yín lóru rí kí ẹ lọ ṣí ìwé? Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn nínú lẹ́tà yín: ẹ pa ìwé tì, ẹ ń ṣọ́ àdúrà ẹlòmíràn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, ẹ sì ti ba orúkọ ẹnì kan jẹ́ lójú ẹnì kejì. Irú tí Rav Dimi ń sọ a máa rán èèyàn lọ sídìí iṣẹ́. Tiyín yìí ń rán yín lọ sójú ọ̀rẹ́ yín. Irú èyí ni Rabbi Elazar HaKappar ní lọ́kàn nínú Avot, ìwé ìmọ̀ràn àwọn ọlọ́gbọ́n, orí kẹrin, nígbà tó ní ìlara, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ àti wíwá iyì a máa lé èèyàn kúrò láyé. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún yín pé ó dára. Kò dára. Ṣùgbọ́n ó ní ìwòsàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó sàn jù èmi àtẹ̀yin lọ ti ṣe irú àìsàn náà rí.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 30. Rákélì rí i pé òun kò bímọ fún Jákọ́bù, ó sì ṣe ìlara ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá kà á lóréfèé á ní ọmọ ló ń ṣe ìlara. Rashi, ràbáì ará Troyes ní ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1105, tí àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Tórà nínú ìwé tí ẹ fi ń kẹ́kọ̀ọ́, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀lé àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbàanì, ó ní iṣẹ́ rere Léà ni Rákélì ń ṣe ìlara. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ká ní Léà kò ṣe òdodo ju òun lọ ni, kì bá tí rí ọmọ bí. Ẹ rí i pé ohun tó ń ṣe yín gan-an nìyẹn: ọ̀rọ̀ bóyá Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni yẹn jù mí lọ.

Ibi tí ìlara náà kọ́kọ́ gbé Rákélì lọ, ọ̀dọ̀ Jákọ́bù ni. Ó ní, fún mi lọ́mọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá kú. Inú bí Jákọ́bù, ó bi í pé ṣé òun ló wà nípò Ọlọ́run ni. Ẹni tí kò ní in láti fún un ló lọ bá. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fi gbogbo Sábáàtì wo ojú obìnrin yẹn, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ tó lè bọ́ sí yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Rákélì yìí kan náà ló ti ṣe ohun kan lọ́dún díẹ̀ ṣáájú. Àwọn ọlọ́gbọ́n sọ nínú Megillah àti Bava Batra pé Jákọ́bù mọ̀ pé alárékérekè ni Lábánì, ó sì fún Rákélì ní àmì tí wọn yóò fi dá ara wọn mọ̀ lóru ìgbéyàwó. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí Rákélì rí i pé Léà ni wọ́n ń mú wọlé, ó ní ojú á ti ẹ̀gbọ́n mi. Ló bá fi àmì náà lé e lọ́wọ́. Ọkọ tó ń dúró dè fún ọdún méje, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e fún ẹlòmíràn kí ojú má baà ti onítọ̀hún. Nígbà tó wá yá, tí Tórà ní Ọlọ́run rántí Rákélì, tó sì ṣí i nínú, Rashi sọ ohun tí Ọlọ́run rántí: àmì tó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún tó fi ń ṣe ìlara iṣẹ́ rere Léà, kò rántí iṣẹ́ rere tòun fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Léà tó ń wò yìí, nípasẹ̀ rẹ̀ ni Léà fi wọlé ọkọ. Mi ò mọ ibòmíràn nínú Tórà tó ṣàlàyé àìsàn yìí jù báyìí lọ. Ẹni tó ń ṣe ìlara kì í lè ka ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú ìwòsàn wá. Àwọn ènìyàn á sọ ìtàn Zusya ará Hanipol fún yín, olódodo kan nínú ẹgbẹ́ Júù tí wọ́n ń pè ní Hasid, tó kú ní 1800, tó ní lọ́run wọn ò ní bi òun pé kí ló dé tí o kì í ṣe Mósè, Zusya ni wọ́n á ní kí ló dé tí o kò jẹ́. Ìtàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tí ìlara ń jẹ kì í rí oògùn nínú rẹ̀, torí Zusya kò sọ ohun tí èèyàn á ṣe ní òwúrọ̀ Sábáàtì nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ tó ń gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Sanhedrin, ojú ewé 105, tí mo fọwọ́ sí jù: gbogbo ènìyàn ni ènìyàn ń ṣe ìlara, àfi ọmọ rẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì sọ lójú rẹ̀ pé kí Ọlọ́run mú orúkọ Sólómọ́nì lókìkí ju tirẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn. Ọlọ́run ní kí Mósè gbé ọwọ́ kan lé Jóṣúà lórí, Mósè gbé méjèèjì lé e.

Mósè yìí kan náà ni wọ́n sá wá bá nínú Númérì orí 11, wọ́n ní Élídádì àti Médádì ń sọ tẹ́lẹ̀ láàárín ibùdó. Jóṣúà ló bínú, ó ní, olúwa mi, dá wọn lẹ́kun. Mósè bi í pé ṣé nítorí tèmi lo ṣe ń jowú? Ì bá wu òun kí gbogbo ènìyàn Olúwa jẹ́ wòlíì. Àwọn kan á ní torí pé Mósè jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ Sanhedrin kà á. Mósè ní ìpín nínú gbogbo wọn. Àwọn àgbà 70 tí ẹ̀mí bà lé lọ́jọ́ náà, ara ẹ̀mí tó wà lórí Mósè ni wọ́n ti bù fún wọn. Ẹni tó ní ìpín nínú ìtẹ̀síwájú ẹlòmíràn, ìtẹ̀síwájú náà kì í gún un lọ́kàn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún yín pé ẹ wá ìpín nínú ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń ṣe. Mi ò sọ pé kí ẹ lọ máa jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ní olùkọ́ ni kì í ṣe ìlara akẹ́kọ̀ọ́. Kò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìlara olùkọ́. Ohun tí ẹ ní tí òun kò ní ni kí ẹ wá. Ẹ sì ní in. Nọ́ọ̀sì ni yín.

Bíbẹ aláìsàn wò, tí àwọn Júù ń pè ní bikur cholim, wà lára àwọn iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n gbé ga jù. Nedarim ní ẹni tó bá bẹ aláìsàn wò mú ìdá kan nínú 60 àìsàn náà lọ. Wọ́n sọ níbẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ Rabbi Akiva kan tó ṣàìsàn. Kò sí ọlọ́gbọ́n kankan tó yọjú sí i. Rabbi Akiva fúnra rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku lọ, ara ọkùnrin náà sì yá. Ó ní, ràbáì mi, ẹ ti jí mi dìde. Ẹni tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ lábẹ́ rẹ̀ ló wọ yàrá aláìsàn, tí wọ́n sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn ló sì mú ìyè wá. Bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà láìjẹ́ kó dun ún, bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà tó ti ń gbàgbé nǹkan sọ̀rọ̀, ìgbà tó yẹ kí àlejò dìde kí aláìsàn lè sinmi: ẹ̀yin mọ gbogbo rẹ̀ láìrò ó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka Talmud dáadáa ni ẹsẹ̀ wọn ń wúwo tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kó bá yín lọ wo àgbàlagbà kan nínú ìjọ yín tó wà lórí ibùsùn. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Tó bá ti tọwọ́ yín kọ́ ohun kan, ìgbà tí wọ́n bá tún yìn ín, ẹ máa rí i pé nǹkan kan ti yí padà nínú yín. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n á yí.

Ní ti Daf Yomi, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi gbangba. Ọdún 1923 ni Rabbi Meir Shapiro gbé e kalẹ̀ níbi àpérò ní Vienna, pé kí gbogbo Júù níbi yòówù kí wọ́n wà ka ewé Talmud kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ewé 2,711 ni, ó ń gba bí ọdún méje àti ààbọ̀. Yíyípo kẹrìnlá bẹ̀rẹ̀ ní January 5, 2020, yóò parí ní June 2027. Ohun ribiribi ni. Ó ti sọ oníṣòwò àti awakọ̀ di ẹni tó ń ka Talmud. Ṣùgbọ́n ó ṣeé kà lóǹkà, ohun tó bá sì ṣeé kà lóǹkà ni ìlara ń kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ mọ ewé tí ọ̀rẹ́ yín wà, ẹ mọ ibi tí ẹ̀yin dúró sí. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí nítorí pé oògùn yín gan-an wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ pa tì yẹn, Berakhot. Ẹ má tún Daf Yomi bẹ̀rẹ̀ ní báyìí. Ìtìjú ni yóò máa lé yín lọ, ìtìjú kì í sì í rìn jìnnà. Ewé mẹ́ta péré ni kí ẹ kà nínú Berakhot, kí ẹ pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 17, 31 àti 34.

Ní ewé 34, akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró gbàdúrà níwájú Rabbi Eliezer, ó fà á gùn. Àwọn tó kù ráhùn pé ọkùnrin yìí mà fa nǹkan o. Rabbi Eliezer ní, ṣé ó fà á ju Mósè lọ ni, tó wólẹ̀ fún 40 ọ̀sán àti 40 òru? Lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn gbàdúrà, ó gé e kúrú. Wọ́n tún ráhùn. Ó ní, ṣé ó gé e ju ti Mósè lọ ni, tó gbàdúrà fún Míríámù pé, Ọlọ́run, jọ̀ọ́, wò ó sàn? Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni lédè Hébérù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dúró sí sínágọ́gù bí ẹ ṣe ń dúró, wọ́n ń wọn àdúrà ẹlòmíràn, ràbáì wọn kò sì dá wọn lóhùn rí pé èwo ló tọ̀nà.

Ewé 31 ni wọ́n ti kọ́ àwọn òfin Amidah láti ara Hánà: kí ètè máa mì, kí ohùn má jáde, kí ọkàn wà níbẹ̀. Ẹ rántí ohun tí Sámúẹ́lì Kìíní sọ nípa Élì lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ẹnu rẹ̀. Àlùfáà àgbà jókòó sẹ́bàá òpó, ó ń ṣọ́ ẹnu obìnrin tó ń gbàdúrà, ó sì pinnu pé ọtí ló mu. Àdúrà tí a wá fi kọ́ gbogbo Ísírẹ́lì bí a ti ń gbàdúrà, lójú ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìwà ọ̀mùtí ni. Ẹ̀yin wo ọ̀rẹ́ yín, ẹ ní àṣehàn ni. Kí lẹ mọ̀ nípa ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀ràn kan ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó rọrùn láti ṣe lórí èyí: ẹ yí ìjókòó padà. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀, kó wà lẹ́yìn yín. Tí ẹ bá ti parí Amidah tiyín, ẹ mọ̀ pé a kì í gba iwájú ẹni tó ń gbàdúrà kọjá, a kì í sì í fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn sẹ́yìn sínú àyè rẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ níbi tí ẹ wà, kí ẹ gbàdúrà fún un lórúkọ títí yóò fi ṣe tán. Ó máa korò lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ewé 17 ni mo fi pa mọ́, torí tiyín ni. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n Yavneh ni: Ẹ̀dá ni mí, ẹ̀dá ni ẹnì kejì mi. Ìlú ni iṣẹ́ mi wà, oko ni tirẹ̀ wà. Mo ń jí lọ síbi iṣẹ́ mi, ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Bí kò ṣe ń ṣe fọ́ńté sínú iṣẹ́ mi, èmi náà kì í ṣe fọ́ńté sínú tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ní èmi ń ṣe púpọ̀, òun ń ṣe díẹ̀, a ti kọ́ pé ẹni tó ṣe púpọ̀ àti ẹni tó ṣe díẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n, bí ó bá ṣáà ti darí ọkàn rẹ̀ sí ọ̀run. Láti ibi ọrẹ ẹbọ ni wọ́n ti mú ìyẹn: akọ màlúù olówó àti ìkúnwọ́ ìyẹ̀fun tálákà, òórùn dídùn kan náà ni Tórà pe méjèèjì níwájú Olúwa. Ẹ kíyè sí i pé ìlú, níbi tí Tórà ti ń di kíkọ́, làwọn ọlọ́gbọ́n yẹn fúnra wọn wà. Ara wọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún kí wọ́n má fojú tẹ́ńbẹ́lú ará oko. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì jẹ́ ọmọ Tórà lóòótọ́, kò fojú tẹ́ńbẹ́lú yín. Ẹ̀yin lẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ara yín, ẹ wá ń bá a bínú lórí rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Mo fura sí nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. Ẹ̀yin àti obìnrin yìí jọ jẹ́ ẹni tó wọlé láti ìta. Wọ́n jọ yẹ̀ yín wò, wọ́n jọ bi yín ní ìbéèrè, ẹ sì jọ ń ronú pé ta ni wọ́n á gbà, ta ni wọ́n á ní kó padà. Ó jọ pé ìdánwò yẹn kò tíì parí nínú ọkàn yín. Ó ti parí o. Nígbà tí Obadiah, àlejò tó di Júù, kọ̀wé bi Maimonides, ọ̀mọ̀wé ńlá nínú òfin Júù tó kú ní 1204, pé ṣé òun lè sọ nínú àdúrà pé Ọlọ́run wa àti Ọlọ́run àwọn baba wa, èsì tó gbà ni pé kó sọ gbogbo rẹ̀ bó ti wà, kó má yí ọ̀rọ̀ kan padà, nítorí ọmọ Ábúráhámù ni, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan láàárín òun àtàwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín bá ṣe kò lè fi kún ìgbàwọlé yín, kò lè yọ nínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ máa kó àwọn àfikún òfin tí ó ń tọ̀ lé ara yín kí ẹ lè bá a dọ́gba. Mishnah, ìwé òfin tí Talmud dúró lé lórí, ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú Berakhot. Wọ́n gbà kí ọkọ ìyàwó má ka Shema, àdúrà “Gbọ́, Ísírẹ́lì”, lóru àkọ́kọ́ ìgbéyàwó. Tó bá wù ú kó kà á, ó lè kà á. Rabban Shimon ben Gamliel ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wù láti gba orúkọ olùfọkànsìn ló lè gbà á. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó bá ara yín mu, bíi Sáàmù kan lójoojúmọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ alẹ́, lédè Hébérù, kí ìka máa tọ ọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú ìka. Rabbi Akiva bẹ̀rẹ̀ alífábẹ́ẹ̀tì ní ẹni 40 ọdún, òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ jókòó níwájú olùkọ́ àwọn ọmọdé.

Ṣé kí ẹ lọ sí sínágọ́gù mìíràn? Rárá. Ìlara á bá yín débẹ̀, á rí ẹlòmíràn wò. Ìdí mìíràn tún wà. Bava Metzia, ewé 84, sọ ìtàn Rabbi Yochanan àti Resh Lakish. Ọlọ́ṣà ni Resh Lakish tẹ́lẹ̀. Rabbi Yochanan ló mú un wọ inú Tórà, ó fún un ní arábìnrin rẹ̀ fẹ́, ó sì sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jiyàn nípa ìgbà tí idà àti ọ̀bẹ di ohun tó lè gba àìmọ́. Resh Lakish sọ tirẹ̀, Rabbi Yochanan sì sọ ọ̀rọ̀ kan: ọlọ́ṣà mọ iṣẹ́ ọlọ́ṣà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ egungun. Ìjà dé, Resh Lakish dùbúlẹ̀ àìsàn, ó kú. Àwọn ọlọ́gbọ́n rán Rabbi Elazar ben Pedat lọ tu Rabbi Yochanan nínú. Ohunkóhun tó bá ti sọ, Elazar á ní ẹ̀rí wà tó ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Rabbi Yochanan ní, ṣé ìwọ lo dà bí ọmọ Lakish? Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, àtakò 24 ló máa gbé dìde, màá fún un ní ìdáhùn 24, ẹ̀kọ́ á sì gbòòrò. Ìwọ ń sọ fún mi pé ẹ̀rí wà. Ṣé mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ ni? Ó ń rìn káàkiri, ó ń ya aṣọ rẹ̀, ó ń ké pé, ọmọ Lakish, níbo lo wà, títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ẹni tó bá yín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, tó sì lágbára jù yín lọ nínú ohun kan, ẹ kò ní tún rí irú rẹ̀ ní sínágọ́gù tí ẹ bá lọ.

Ó ku ìjẹ́wọ́. Ohun tó wà nínú ọkàn yín nìkan, ẹ má sọ fún un. Kí lẹ fẹ́ kó fi ṣe? Ẹ̀yin á fúyẹ́, òun á wá gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún obìnrin yẹn yàtọ̀, nítorí Mishnah Yoma sọ pé Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù, kì í ṣe ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ àárín ènìyàn sí ènìyàn títí a ó fi bẹ onítọ̀hún. Ràbáì Israel Meir Kagan, tí wọ́n ń pè ní Chofetz Chaim, tó kú ní 1933, là á sílẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ olùgbọ́ létí, tó gbà á, tó sì ṣe ẹni tí a sọ ọ́ nípa rẹ̀ ní jàǹbá, a gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ràbáì mìíràn, Israel Salanter, pé bí kò bá mọ̀, tí sísọ fún un yóò kàn bà á lọ́kàn jẹ́, kí a fi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń dúró lé lórí di òní. Ṣùgbọ́n Chofetz Chaim náà gbà pé bí olùgbọ́ kò bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ mọ́, ó di àárín ẹni tó sọ ọ́ àti Ọlọ́run.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá obìnrin tí ẹ sọ ọ́ fún lọ. Ẹ sọ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ohun tí ẹ sọ nípa ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe òótọ́, ìlara ló mú yín sọ ọ́, kó jọ̀ọ́, kó yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ẹ bi í bóyá ó ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bí kò bá tíì sọ ọ́, ẹ gbé ìyókù lọ bá Ọlọ́run. Bó bá ti sọ ọ́, ẹ má dá ọwọ́ lé e fúnra yín, ẹ lọ bá ràbáì yín kí ẹ jọ wo bí ẹ ó ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.